Ọ̀bẹ Tí A Pọ́n fún Òsì

Tòmátì mẹ́rin ni Motọ́lání kó sínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó lọ ra ọ̀bẹ ní ọjà Mile One. Ó ti sú u láti máa ra ọ̀bẹ tó ń dán ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń tẹ tòmátì fọ́ nílé. Lọ́tẹ̀ yìí, yóò dán an wò kó tó sanwó.

Falilat tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó bó ṣe ń to tòmátì sórí káńtà. "Àǹtí, you wan buy knife abi you wan cook stew for my shop?"

"Méjèèjì, tí ọ̀bẹ yín bá lè gé e," ni Motọ́lání dá a lóhùn.

Ọ̀bẹ kìíní yà bàrá. Èkejì tẹ tòmátì fọ́, omi rẹ̀ sì ta sí i láṣọ. Bó ṣe ń nu aṣọ ló rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọ̀bẹ kan sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ó dúdú, ó ga, ó sì fara balẹ̀ débi pé ariwo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ti àwọn ọlọ́jà kò kàn án. Ó wu Motọ́lání láti máa wò ó, ló bá ń wò ó.

"Ọwọ́ yín kọ́ ló jẹ̀bi," ni ọkùnrin náà sọ láìgbójú kúrò lára ọ̀bẹ tó ń yẹ̀ wò. "Òsì lẹ fi ń gé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti pọ́n àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi sọ́kàn."

Ojú ti Motọ́lání. Ó yára gbé ọ̀bẹ sí ọ̀tún. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá òsì yẹn jà. Tíṣà lù ú ní Diobu, àwọn àǹtí bàbá rẹ̀ tó ń wá láti Ìkìrun a sì máa rán an létí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Belema ìyá rẹ̀, ọmọ Kalabari, nìkan ló máa ń ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀.

"Ẹ dá a padà sí òsì," ni ọkùnrin náà wí. Ó ṣa ọ̀bẹ kan tó ní èèkù igi dúdú, ó gbé e sórí káńtà. "Ẹ mú èyí wò. Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ yín?"

"Kò wúwo. Ó bá ọwọ́ mi mu."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di Sátidé tó ń bọ̀. N ó tún un pọ́n fún òsì."

Akínfẹ́nwá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òndó ni. Ẹ̀rọ ló fi ń gé irin ní iléeṣẹ́ kan ní Trans-Amadi, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ irin dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń wá bá Falilat pọ́n ọ̀bẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí Sátidé pé, Motọ́lání gbé ọ̀bẹ lé tòmátì. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ tí ọ̀bẹ fi dé ìsàlẹ̀. Ó tún gé òmíràn, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan fún ọwọ́ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Omi lé sí i lójú, ó sì ní àlùbọ́sà ni.

"Which onion?" ni Falilat bi í. "Na tomato dey your hand."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Akínfẹ́nwá bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ilé Motọ́lání ní Rumuibekwe ló ń gbà lọ. Ó máa ń fara ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, yóò máa wò ó bó ṣe ń gbádùn ọ̀bẹ rẹ̀. Ùgwú a já wẹ́wẹ́, ìpẹ́ ẹja a ṣí kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́, orin a sì máa jáde lẹ́nu Motọ́lání fúnra rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ náà ṣí agolo.

"Èmi lo wá wò, àbí ọ̀bẹ?"

"Ọ̀bẹ ni. Ìwọ kàn wà nídìí ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi."

"Tún un sọ. Ìsáwùrú tó wà nínú ọbẹ̀ yìí, you no go see one."

Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Akínfẹ́nwá sọ pé ìyá òun ń bọ̀ láti Òndó wá wo ìyàwó tí òun fẹ́ fẹ́. Ó họ orí. "Tọ́lání mi, jọ̀ọ́, ọ̀tún ni kó o fi gé ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kan péré. Màmá le lórí ọ̀rọ̀ òsì."

Motọ́lání kò pariwo. Ó fọ ọ̀bẹ, ó nù ún gbẹ, ó fi bébà ìròyìn wé e, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. "Máa mú un lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀tún gé ẹ̀fọ́ kò nílò ẹ̀."

Akínfẹ́nwá bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ ọ̀bẹ nù; ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Motọ́lání fi padà sídìí ọ̀bẹ àtijọ́, tó ń tẹ tòmátì fọ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò lè wọ ilé ọkọ tí yóò ti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ títí ayé.

Ní Sunday kẹta, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Akínfẹ́nwá ni, òun àti ìyá rẹ̀. Motọ́lání kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ ló ń fi òsì dáná?" ni ìyá náà bi í. "Akin ti sọ fún mi ní gáréèjì. Ó ní bí n kò bá ní gbà ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n kúkú wọkọ̀ padà. Èmi tí mo bí i."

Akínfẹ́nwá gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi bébà wé sórí tábìlì. "Má bínú, ìfẹ́ mi," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ohun tí kò yẹ kí n tijú ni mo tijú."

"Gé ẹ̀fọ́ kí n rí i," ni ìyá wí.

Òsì ni Motọ́lání fi mú ọ̀bẹ. Ẹ̀fọ́ já wẹ́wẹ́. Ìyá wò ó títí, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀tún tirẹ̀ gbìyànjú. Ọ̀bẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀bẹ yìí kò gbọ́ tèmi."

"Mo ṣe é fún un ni, Màmá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi pọ́n ọn."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ kan tó ti kú pátápátá síta. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ kó o bá mi pọ́n èyí." Akínfẹ́nwá wolẹ̀. Ìyá kọjú sí Motọ́lání. "Ọmọ tí kò ráyè pọ́n ọ̀bẹ ìyá rẹ̀, tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan pọ́n tìrẹ, kí ni mo tún fẹ́ bi í? Ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o fi dáná. Àmọ́ tó o bá ń gbé oúnjẹ fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Motọ́lání wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí ọbẹ̀ tó jinná, Akínfẹ́nwá ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń pọ́n ọ̀bẹ ìyá rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mgbuoba, pásítọ̀ ní kí Motọ́lání na ọwọ́ kí ọkọ rẹ̀ lè fi òrùka sí i. Nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, ọ̀tún ló nà.

"Òsì, ìyàwó wa," ni ìyá Akínfẹ́nwá ké láti ìjókòó iwájú. "Òsì ni wọ́n ń bèèrè."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Motọ́lání na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde níṣojú gbogbo ènìyàn, Akínfẹ́nwá sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó fi òrùka sí i.