Obìnrin Inú Ẹ̀rọ

"Níbo ni obìnrin tó ń kọrin lẹ́ẹ̀kan yẹn gbà lọ?"

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tó béèrè dúró sí, ó gbá dùùrù oníná kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ ti tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọmọdébìnrin kan nínú eré géèmù àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Japan ti ń rìn nínú yìnyín, agbòjò lọ́wọ́. Atúnṣe ẹ̀rọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ló di pádì tí wọ́n fi ń darí ọmọ náà mú. Ó gbójú sókè, ó rí àlejò náà, ọmọdébìnrin inú eré sì já sí kòtò.

"Ẹ ti pa á o," àlejò ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ pa á. Ta ló ní kí ẹ rẹwà báyìí lọ́sàn-án gangan?"

Olùkọ́ orin ni obìnrin àlejò náà. Dùùrù tó fi ń kọ́ àwọn akọrin ló dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dùùrù ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan eré náà, ó gbọ́ obìnrin kan tó ń kọrin, ohùn híhá bí ohùn ẹni tó wà nínú agolo. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ohùn náà pòórá, orin sì ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sílé.

"Ẹ̀rọ àtijọ́ nìyí, ikùn rẹ̀ kéré," atúnṣe ṣàlàyé. "Ìró díẹ̀ ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Bóyá irin rẹ̀ ló dọ̀tí. Mà á bá yín wá obìnrin yẹn jáde."

Ó ṣèlérí náà kí olùkọ́ lè rí ìdí tí yóò fi padà wá.

Ó sì padà wá. Ara dùùrù yá, ẹsẹ̀ olùkọ́ kò yéé ya ṣọ́ọ̀bù. Atúnṣe tú ẹ̀rọ eré náà palẹ̀, ó nu irin rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà. Obìnrin inú ẹ̀rọ kò yọjú. Ṣùgbọ́n láàárín irin àti wáyà, "ẹ" di "o", "Olùkọ́" di "olólùfẹ́ mi", ọ̀rọ̀ sì dé orí ìgbéyàwó.

Ìyá olùkọ́, aránṣọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà wá kí òun rí i. Atúnṣe jókòó, ó dìde, ó tún fáànù tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí ṣe.

"Ọmọ mi yìí," ìyá bẹ̀rẹ̀, "ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni..."

"Orin, Màmá!" Atúnṣe já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́ sọ."

"Ẹ ṣeun, Màmá! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́! Ó wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, ìyá fi eyín já òwú. "Ọmọ dáadáa ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ó sì lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ló gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ dópin rí?"

Olùkọ́ ronú títí, kò rí ọjọ́ náà.

Kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àwàdà gbẹ lẹ́nu atúnṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń rin ọmọdébìnrin inú yìnyín kiri láìní ibi tó ń lọ, ni olùkọ́ bá wọlé.

Atúnṣe fò sókè. "Aya mi ọ̀la! Ibo lo..."

"Jókòó."

Ó jókòó.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Bí o bá já a gbà lẹ́nu mi, mà á dìde, n kò sì ní padà wá mọ́."

Ó gbé pádì lé orúnkún.

"Nígbà tí bàbá mi kú," olùkọ́ ní, "ohùn mi lọ. N kò lè kọrin. Ìyá mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójoojúmọ́, títí ohùn náà fi padà wá fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ. O ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irú ìjókòó yẹn ni mo ń wá lọ́wọ́ ọkọ..."

Omi dé ojú rẹ̀, ó dákẹ́. Ahọ́n ń yún atúnṣe. Àwàdà wà níbẹ̀, ìtùnú wà níbẹ̀, ìlérí ńlá pàápàá wà níbẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó di ọwọ́ olùkọ́ mú, ó sì dúró dè é, nítorí kò mọ̀ bóyá ó ti parí.

"Mo ti parí," olùkọ́ wí nígbẹ̀yìn, jẹ́jẹ́. "Lọ́la, kí o lọ sọ fún Màmá pé mo ti gbà."

Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n.

Yìnyín ń bọ́. Ọmọdébìnrin náà dúró sójú kan lábẹ́ agbòjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Obìnrin kan sì ń kọrin, ohùn rẹ̀ há, ó gùn, orin náà pé. Ìró ẹsẹ̀ ló ti ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ọmọ náà dúró rí.

Atúnṣe la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó tún pa á dé.