Àwọn Tó Tò Sábẹ́ Gíláàsì

Èémí bo gíláàsì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti inú ló sì ti bò ó. Ìyá agbálẹ̀ nù ún títí ọwọ́ fi ro ó, kò lọ.

Lábẹ́ gíláàsì yìí, ní yàrá àlejò ilé-iṣẹ́ akọ́lé, ni àdúgbò ìyá yìí wà, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe: ilé tín-ín-tìn-ín, igi tín-ín-tìn-ín, àti ilé ìgbẹ̀bí funfun kan láàárín. Nígbà tí àwọn akọ́lé wó ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ láti kọ́ ilé títà sórí ilẹ̀ rẹ̀, ẹnu wọn dùn: ọdún kan péré, tuntun á dìde. Ọdún mẹ́rin rèé. Ilé ti tà tán, ilé ìgbẹ̀bí ò tíì kúrò ní páálí. Àbíkẹ́yìn ìyá agbálẹ̀ sì wà nílé, oyún oṣù mẹ́sàn-án nínú.

Ìyá tẹjú mọ́ ibi tí èémí ti fẹ́lẹ́ lára gíláàsì. Àwọn obìnrin tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Wọn ò sí níbẹ̀ lánàá.

Ó rọra pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Màmá, oorun ló ń kùn yín. Ẹ wá ibì kan fẹ̀yìn tì."

Ojoojúmọ́ ni ìlà ń gùn sí i. Nígbà tó yá, ó mọ́ ìyá lára, ó tilẹ̀ ń kí wọn pé wọ́n kú ìdúró.

Ọjọ́ ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí pé, ará àdúgbò kún yàrá náà. Kí wọ́n tó dé, ọ̀gá akọ́lé ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ilé ìgbẹ̀bí páálí náà kúrò lábẹ́ gíláàsì.

"Ẹ fojú ara yín wò ó," ó ní. "Ìgbà wo la bá yín sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí?"

Wọ́n wò ó. Ilé ò sí, ṣùgbọ́n ìlà ò tú.

"Ìyàwó mi nìyẹn," káfíńtà kan sọ, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. "Inú mọ́tò ló kú sí. A ò tíì dé ọsibítù."

"Àbúrò mi rèé," ẹlòmíràn ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo aboyún tí ọ̀nà jíjìn sí ọsibítù pa. Ẹ̀rù ba ìyá agbálẹ̀ gidi. Ó fojú tọ ìlà náà dé ìparí. Ẹni tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bọ̀ ni, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹni náà.

Fóònù ìyá dún. Ó gbé e.

"Màmá, ọmọ ti ń bọ̀ o. Ibo ni ká gbà?"

Ìyá agbálẹ̀ na fóònù sí ọ̀gá akọ́lé.

"Ẹ dá a lóhùn," ó ní.

Lábẹ́ gíláàsì, gbogbo ìlà náà yíjú sí ọ̀gá akọ́lé.