Iṣẹ́ Tí Roukayatou Rán Chitou sí Bassila

Chitou ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, òun fúnra òun lòun gé ìwọ́ òun, òun gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, kí wọ́n sì tó sọ òun lórúkọ, òun ti kọ ẹgbẹ̀rún ebè.

Oko bàbá Òkè ní Manigri ló ti sọ ọ́, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń bá bàbá náà kọ ebè iṣu. Roukayatou, ọmọ Òkè, tó gbé omi wá fún wọn, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ń fún yín lọ́mú lóko?"

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ọmọ náà gbóná lára Chitou débi pé bí wọ́n bá tì í sódò lọ́jọ́ náà, ẹja inú odò ì bá jinná. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ àna fún Òkè, kí wọ́n tó dájọ́ ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ìkórè.

Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, bí nǹkan oṣù Roukayatou bá ku bí ọjọ́ méje, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Ọmú á le, á máa dùn ún. Orí á wúwo bí ẹni ru ọlọ. Oorun á dá lójú rẹ̀, á máa sunkún, á máa kanra mọ́ Chitou, mọ́ ìyá rẹ̀, mọ́ adìyẹ ilé pàápàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé, kò ní ju ọjọ́ kejì lọ, gbogbo rẹ̀ á fò lọ, ojú á wá máa tì í.

Rabiatou, ìyá Chitou, ń sọ kiri pé ìwà méjì ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà ọmọ òun ní. Aminatou, ìyá Roukayatou, ní kò sóbìnrin tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó pa á mọ́ra, a kì í ru irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé ìwòsàn òyìnbó.

Roukayatou wá mú okùn tí wọ́n fi ń so iṣu nínú àká. Ojúmọ́ kan, kókó kan. Ọjọ́ tí ara bá ni ín, á ta kókó méjì lórí ara wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé, á so òwú pupa mọ́ ọn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó gbé okùn náà fún Chitou, torí Chitou ti máa ń fọ́nnu pé inú àwo kan náà lòun àti àwọn ará ilé ìwòsàn Bassila ti ń jẹun, pé òyìnbó kòmáńdà tó ń ṣàkóso agbègbè náà gan-an a máa yà fún òun lọ́nà.

"Chitou mi, ní kí wọ́n bá mi kà á," ló wí. "Lóṣù tó kọjá, mo dúró létí kànga, mo ń rò ó pé bí mo bá kó sínú rẹ̀, ara á tù mí. Mi ò tíì sọ fẹ́nì kan."

"Olólùfẹ́ mi, bó jẹ́ inú kìnnìún ni oògùn rẹ wà, màá bọwọ́ mú un."

Chitou dé Bassila lọ́jọ́ ọjà. Ó rí àwọn èèyàn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìwòsàn, ó rò ó bí òun ṣe máa dárúkọ ẹ̀jẹ̀ obìnrin lójú wọn. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò gbé e wọlé. Ó ju okùn sínú koríko, ó yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran sísun, ó sì jẹun títí oòrùn fi yí.

Nígbà tó padà dé, ó ní dókítà méje ló kóra jọ lórí okùn náà, tí wọ́n kà á títí irùngbọ̀n wọn fi hu tuntun. Wọ́n ní kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá ti wọlé ọkọ, ó parí.

Roukayatou gbà á gbọ́. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí ìkórè.

Lóṣù kejì, Aminatou bá ọmọ rẹ̀ létí kànga lọ́sàn-án gangan, ó ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀. Ó fà á jáde, ó dì í mú, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe Chitou, wọ́n kọrí sí Bassila. Chitou ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Aminatou ní kò burú, yóò rọra rìn.

Habibatou ni obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Roukayatou dópin, kò já lù ú. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Bí oṣù ṣe ń yí lára obìnrin ni, ẹlòmíràn a sì máa jìyà rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, ilé ọkọ kì í sì í wò ó sàn. Ó ní kó máa ka ọjọ́ rẹ̀ kó lè mọ ìgbà tó ń bọ̀, kó dín iyọ̀ àti obì kù, kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kó máa rìn, kó máa sùn, kí ará ilé sì gba iṣẹ́ líle lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà.

"Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó kú, kì í dúró de oṣù mìíràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ń sọ fún ará ilé, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń wá. Kí ló mú yín pẹ́ tó báyìí?"

"A ránṣẹ́, Ìyá," ni Roukayatou wí. "A fi okùn oníkókó ránṣẹ́. Dókítà méje ló kà á."

"Èmi nìkan ni mo wà níbí, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó mú okùn wá."

Roukayatou yíjú padà. "Chitou, ṣé o dé ibí?"

Chitou yanu. Irọ́ tó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eéṣú láti kékeré kò jáde.

"Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́," ni Roukayatou wí. "Èmi sì ń kú lọ."

Aminatou bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Chitou kò dúró kó bọ́ ọ tán. Ó fo bẹ́ńṣì, ó fo aboyún tó jókòó sílẹ̀, ó gba ọ̀nà Pénéssoulou, tí kì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀ rárá. Eruku bò ó. Roukayatou kò pè é padà.