Iyọ̀ Lára Bàtà Tuntun

Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ẹlẹ́ja kò jẹ́ kó wọlé.

"Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ọpọ́n yẹn ná, tòun ti bàtà, mà. Omi iyọ̀ ni. A kì í kó ẹrẹ̀ ìta wá bá ẹja mi."

Obìnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Adágún ẹja mẹ́ta ló wà nínú ọgbà. Nínú èyí tó wà lẹ́bàá ògiri, òkú ẹja léfòó, egbò kún ara wọn. Àwọ̀n mẹ́ta ń gbẹ lóòrùn, torí baba yìí kì í jẹ́ kí àwọ̀n kan wọ omi méjì. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹja ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe àwàdà.

"Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ẹja fún mi ló fún wọn ní májèlé!"

"Oúnjẹ kan náà ni adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ, bàbá. Egbò yìí, àrùn ni. Ta ló tún ní ẹja nítòsí?"

Baba wolẹ̀. "Àbúrò mi ni. Tiẹ̀ ti kú tán lóṣù tó kọjá. Mo ní kó má wá síbí mọ́, kó má baà kó àrùn náà ran tèmi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ bá àbúrò náà níwájú adágún gbígbẹ. Ọpọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti gbẹ, aláǹtakùn ti takùn sínú rẹ̀. Àga méjì ló wà níbẹ̀, eruku bo ọ̀kan. Àga bẹ́ẹ̀ wà nílé ìnsípẹ́kítọ̀ náà, ó sì dùn ún.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá! Ẹ wo bàtà mi, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rà á. Ẹnìkan ò tíì bá mi yọ̀."

"Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín láìpẹ́?"

"Èmi kẹ̀? Láti oṣù tó kọjá, n ò débẹ̀. Ènìyàn laṣọ mi, ọ̀gá. Ìhòòhò ni mo wà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo bàtà náà dáadáa, ó sì ní kó dìde, kí àwọn jọ lọ.

Níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ ọ́. "Ẹsẹ̀ yín ló tú yín fó. Bàtà ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí, iyọ̀ sì ti gbẹ funfun sí i létí. Ọpọ́n tiyín ti gbẹ tipẹ́. Ibí nìkan lẹ ti lè rí omi iyọ̀ tẹ̀. Ẹ ti wọlé síbí, ẹ sì ti ki àwọ̀n yín tó kó àrùn bọ omi ẹ̀gbọ́n yín."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. "Èmi nìkan ni mo sin ẹja mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mo rò pé bí tiwọn náà bá kú, a ó tún jọ máa jókòó."

Baba nawọ́ sí ọpọ́n ẹnu ọ̀nà. "O gbé àrùn wá bá mi, o sì tún fọ ẹsẹ̀ kí o tó wọlé?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní n ò gbọdọ̀ gbàgbé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú un lọ. Baba da omi ọpọ́n nù, ó bu tuntun, ó da iyọ̀ sí i, ó sì rò ó dáadáa. Ó dúró tì í títí kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́.