Ẹni Tó Ń Fowó Lé Tèmi

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ẹnì kan máa já ọjà gbà mọ́ Aránṣọ lọ́wọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ owó kan péré ló fi ń ju tiẹ̀ lọ. Aránṣọ gbé ojú kúrò lára fóònù, ó wẹ̀yìn wò. Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sórí àwọn aṣọ tó gé sílẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àgbọ̀n kúrò léjìká rẹ̀ ni.

Gbàǹjo orí ayélujára ni. Bàbá kan tó máa ń kó ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ló ń pàtẹ rẹ̀. Ẹni tó bá wù á jókòó sí yàrá rẹ̀, á máa fowó lé ọjà láti orí fóònù. Tí aago bá kà tán, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù ló ni ín. Maṣíìnì tó ń di etí aṣọ ni Aránṣọ ń wá. Iléèwé kan ti gbé aṣọ àwọn ọmọ tó lé ní igba fún un, èyí tó wà nílẹ̀ sì ti darúgbó, òwú ló ń jẹ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Bí kò bá rí òmíràn kí oṣù tó parí, iṣẹ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n gbàǹjo. Láti ìgbà ọmọdé ni wọ́n ti ń pe ìyẹn ní Kékeré, orúkọ ọ̀hún ò sì kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ fi odindi orí ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, àwọn méjì náà ló sì kù nílé lẹ́yìn ìyá: Aránṣọ ní yàrá iwájú, Kékeré ní yàrá ẹ̀yìn. Kékeré ló sọ fún un pé ẹni tó bá tètè fowó lé ọjà ti fi inú ara rẹ̀ han ayé. Ó ní kó ṣe bíi pé kò sí níbẹ̀, kó dúró di ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó wá tẹ gbogbo ohun tí agbára rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n náà dára. Àmọ́ ta ló mọ ohun tí agbára òun ká? Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí, níbi tí oníbàárà kankan ò lè rí i. Orúkọ tí ẹni tó ń borí rẹ̀ ń jẹ́ lórí gbàǹjo sì ni Alábàágbé. Aránṣọ ka orúkọ náà lákàtúnkà. Ta ní í jẹ́ alábàágbé, bí kì í ṣe ẹni tó ń báni gbé?

Bó ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó kíyè sí i pé bí gbàǹjo bá ti fẹ́ẹ́ parí, ẹ̀yìnkùlé ni Kékeré máa ń wà, aṣọ ló máa ní òun ń sá. Ó kíyè sí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìsí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó yọ́ dé ibẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Kékeré nìkan ló bá, ó ń ká aṣọ. Ó ní orin lòun ń kọ. Aránṣọ ní ó dáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò gbà á. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ ò tún dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó wá dẹ páńpẹ́. Nígbà tí maṣíìnì kẹrin jáde, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ tábìlì. Ó pe Kékeré, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lòun máa fi lé e, òun ò sì ní fi kọ́bọ̀ kún un. Nínú ikùn rẹ̀, ọgọ́ta ló wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó di fóònù mú, kò tíì tẹ nǹkan kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó Alábàágbé yọ: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ó lé ẹyọ kan.

Ìka Aránṣọ gan. Ọgọ́ta tó fẹ́ tẹ ò jáde. Aago kà tán.

Nígbà tí Kékeré ti ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kó ẹrù rẹ̀ síta.

"Kí ni mo ṣe?" Kékeré béèrè.

"Ìwọ lo mọ̀. Ìwọ ni mo sọ fún."

Kékeré ní fóònù òun ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n jọ lọ wò ó. Aránṣọ ní ẹni tó fẹ́ dalẹ̀ kì í wá fóònù tì. Kékeré ò jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wọn ló forí lé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, maṣíìnì karùn-ún dé orí gbàǹjo. Aránṣọ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó tẹ owó rẹ̀. Méjì. Ọ̀kan. Alábàágbé ò yọjú. Ọjà di tirẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́ mọ́ ọmọ ìyá òun, ẹ̀rí nìyí. Ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rín rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe bàbá onígbàǹjo láti mọ ìgbà tí wọ́n máa gbé e wá.

"Gbogbo márààrún ti wà nínú ọkọ̀, màdáàmù," bàbá náà dáhùn.

"Ọ̀kan ni mo rà, bàbá."

"Ìkejì yín ló ra mẹ́rin. Mo ṣe bí ìbejì ni yín. Ojú tó wà nínú fọ́tò yín lórí gbàǹjo ló ní, ohùn kan náà ni. Ó ti sanwó tipẹ́, ó ní kí n bá òun tọ́jú wọn, pé ibi tóun máa kó wọn sí ò tíì ṣófo."

"Kí ló tún sọ?" Aránṣọ béèrè.

"Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á tí ẹnikẹ́ni ò bá yín du ú, kí n mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà tó ń júwe ọ̀nà. Ó yẹ kí wọ́n ti dé."

Aránṣọ pa fóònù náà. Kò gbọ́ ìró ọkọ̀ kankan níta. Ó pe àbúrò ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó fún Kékeré ní fóònù. Ìyá náà ò kí i dáadáa. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gba fóònù ọmọ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ni, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ èémí Kékeré.

"Kékeré, dákun, mo ti fura sí ọ láìtọ́. Padà wálé."

Aránṣọ tẹ fóònù mọ́ etí, ó ń retí èsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Kékeré sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ta lẹ gbà sí yàrá mi?"

"Kò sẹ́nì kankan ńlé. Èmi nìkan ni."

"Ẹnì kan wà lẹ́yìn yín. Bẹ́ ẹ ṣe sọ̀rọ̀ tán lòun náà sọ tiẹ̀, ohùn yín ló sì fi sọ ọ́. Àmọ́ òun ò ní kí n padà wálé o. Ó ní tí mo bá fẹ́ràn ẹ̀mí mi, kí n má wá."