Nọ́ńbà Mẹ́jọ Ọ̀gá Ótọ́

Ìwé kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ ọmọ Bàbá Òwú di apànìyàn. Inspẹ́kítọ̀ obìnrin tó ń ṣèwádìí jàǹbá náà tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

"Bàbá, ẹ kà á fúnra yín. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú jàǹbá ni wọ́n ṣe àláímẹ́ǹtì ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n tọ́ táyà rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ ò ní àbùkù kankan."

"Ọmọ mi ní sítíárìn ló já mọ́ òun lọ́wọ́."

"Gbogbo ẹni tó bá pa èèyàn lójú títì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Òwú bí wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò délé mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ náà, aránṣọ tí ojú rẹ̀ ò le tẹ́lẹ̀ rí, ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn aláìsàn, ó pe ọmọ náà ní apànìyàn létí gbogbo nọ́ọ̀sì, ó sì yíjú padà. Ilé ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìwé yẹn bá dúró, ẹ̀wọ̀n ni.

Ohun tó ń jẹ Bàbá Òwú lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé. Ọkọ̀ eré ni, ó rẹlẹ̀ débi pé òkúta kékeré lè ha á níkùn, ọmọ náà sì fi ọdún mẹ́ta tò ó pọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí táyà rẹ̀ bá yà díẹ̀ báyìí, níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀ ló ti máa fi han awakọ̀. Ọmọ náà wá ṣọ́ọ̀bù kiri. Àwọn àkọ́kọ́ ṣí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, wọ́n fẹ́ tò ó bí ọkọ̀ ìyàwó pásítọ̀. Àwọn kejì ò tilẹ̀ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò kí wọ́n tó gbé sípánà. Ó wá bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi fi òwú wọ̀n ọ́n."

Ogójì ọdún ni bàbá náà fi ń na òwú yí ọkọ̀ akẹ́rù po, òwú lápá ọ̀tún, òwú lápá òsì, rúlà lọ́wọ́, láti mọ̀ bóyá táyà wọn tọ́, títí àwọn awakọ̀ fi gbàgbé orúkọ àbísọ rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ayé ti kọjá òwú. Lọ bá Ótọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, ó ti ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Ọmọ náà lọ. Ótọ́, tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn torí pé "Ó tọ́" ló máa ń sọ bó bá ti parí ọkọ̀, bi í ní gbogbo ìbéèrè tó yẹ: ta ló máa ń wà á, báwo ló ṣe wúwo tó, ọ̀nà wo ló máa ń gbà? Ó gbé àpò yanrìn tó tó ìwọ̀n awakọ̀ sórí ìjókòó kó tó wọn ohunkóhun. Inú ọmọ náà dùn délé. "Bàbá, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́." Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú.

Bàbá Òwú fa ìwé náà mọ́ra. Ó ka ìlà kìíní dé ìkẹrin, ti táyà iwájú. Ó ka ìkarùn-ún. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún un kà.

"Inspẹ́kítọ̀, ọkọ̀ wo ló ni ìwé yìí?"

"Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lókè. Ti ọmọ yín ni."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé táyà ẹ̀yìn yà, wọ́n sì tún un ṣe. Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ mi, irin kan gbọọrọ ni láti táyà dé táyà. Kò ní ibi tí sípánà máa wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, àfi kí ẹ fi ayùn gé e. Ta ló wá tún un ṣe?"

Obìnrin náà wò ó. Kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè gba nǹkan gbọ́. "Ó lè jẹ́ àṣìṣe."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ náà."

Ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n wọ́ òkú ọkọ̀ náà sí. Bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tẹ́ àpò sílẹ̀, ó sùn sórí rẹ̀, ó yí orí wọ abẹ́ irin. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó pe inspẹ́kítọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ wo irin tó so sítíárìn mọ́ táyà òsì. Ó ti yọ lẹ́nu ibi tó wọ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tó yẹ kó dì í mú. Ojú sípánà tuntun wà lára rẹ̀, ó ń dán. Ẹnì kan tú u, kò dì í padà."

"Amòfin á ní jàǹbá ló tú u."

"Jàǹbá máa ń tẹ irin ni, ó máa ń ṣẹ́ ẹ. Kì í yí nọ́ọ̀tì."

"Ẹ̀yin mọ ìyẹn, Bàbá. Adájọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin sì ni bàbá ọmọ. Ẹ wá nǹkan tí ojú èmi fúnra mi lè rí."

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó lọ bá dókítà eléyín kan tó wà nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bá sáré ọkọ̀. Dókítà náà ní ọkọ̀ eré pupa kan tó fẹ́ràn ju eyín gbogbo ìlú lọ. Wọ́n gbé e sí àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, inspẹ́kítọ̀ náà wá, kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Bàbá Òwú na òwú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Ó yí táyà iwájú apá òsì síta tó mìlímítà mẹ́fà gééré, ó di nọ́ọ̀tì rẹ̀ le koko, ó sì fi ọ̀dà èékánná ìyàwó dókítà fa ìlà pupa kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Inspẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ rọra wà á lọ sọ́dọ̀ Ótọ́ o," ni Bàbá sọ fún dókítà. "Ní bíbọ̀ pàápàá."

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, dókítà dé. Ótọ́ ti bi í léèrè ìwọ̀n ara rẹ̀, ó ti gbé yanrìn sórí ìjókòó, ó ti gbá òrùlé ọkọ̀, ó ní, "Ó tọ́." Ìwé náà rèé, àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀.

Bàbá tún na òwú. Mìlímítà mẹ́fà, kò dín, kò lé. Ó tan iná sábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí inspẹ́kítọ̀ wá wò ó. Ìlà pupa ti já sí méjì. Nọ́ọ̀tì ti yí, irin ò yí rárá. Obìnrin náà na ọwọ́ sí nọ́ọ̀tì náà, ó fi ìka méjì péré yí i. Dókítà eléyín wo ìka méjì yẹn, ó rántí títì tó gbà bọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun.

Inspẹ́kítọ̀ tẹ́ ìwé méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ méjì tí ò jọra, oṣù kan láàárín wọn, nọ́ńbà mẹ́jọ. Kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀ láàárín ìwé kìíní àti ìkejì, títí dé ti ẹ̀yìn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù Ótọ́. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní: ilẹ̀ funfun, àga aláwọ fún oníbàárà, ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lára ògiri. Ótọ́ rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ló rí obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá.

"Tan ẹ̀rọ yẹn fún mi."

"Iná ò dúró dáadáa lónìí, Mà."

"Fáànù ń yí lókè orí mi."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un."

Ó lọ mú un lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ oníbàárà ni. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ dúdú kan bú ramúramù lẹ́yìn ilé, ó gba géètì ẹ̀yìn jáde. Wọ́n sáré wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, Bàbá Òwú jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lé, ó lè sáré bí ọta ìbọn. Èyí tí wọ́n jókòó sí ń wúkọ́. Wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríta, ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ àárín wọn, nígbà tí akẹ́rù náà fi máa kọjá, títì ṣófo.

"Ó ti lọ," ni dírẹ́bà ọlọ́pàá sọ. "Ọ̀nà tó jáde nílùú nìyí. Kò sí bí a ṣe máa bá a."

"Máa lọ," ni Bàbá sọ. "Kò ní lè sáré."

Wọ́n gun afárá, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ dúdú náà rèé níwájú, lórí títì gbọọrọ tí ẹyọ ọkọ̀ kan ò sí, ó ń rọra lọ létí ọ̀nà. Ótọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, òógùn bò ó. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, wọ́n dábùú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti yà.

Inspẹ́kítọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ọkọ̀ tó lágbára tó báyìí. Títì ṣófo. Ọlọ́pàá ń lé ọ. Kí ló dé tó o ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lérí?"

Ótọ́ ò tú ọwọ́ sílẹ̀ lára sítíárìn.

"Mò ń bi ọ́ léèrè."

Bàbá Òwú tẹ̀ síwájú. "Ta ló ṣe àláímẹ́ǹtì ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Sátidé."

"Ṣé ó tọ́?"

Ótọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárìn. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi, òun náà sì mọ̀ ọ́n. "Kò tọ́, ọ̀gá."

Ní àgọ́, ó jẹ́wọ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹ́. Oṣù kejì tó ra ẹ̀rọ náà ni ojú tí ẹ̀rọ fi ń wọn táyà fọ́. Ìwé tó tẹ̀ kẹ́yìn nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló ń tún tẹ̀ láti ìgbà náà, orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ló ń pààrọ̀.

"Mo kọ́ ọ lówùú," ni Bàbá sọ. "Ọdún mẹ́fà. Kí ló dé tí o ò lò ó?"

"Mo lò ó, ọ̀gá. Àwọn oníbàárà rí òwú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ. Ìwé ni wọ́n fẹ́. Mo bá ń fún wọn níwèé."

"Nọ́ọ̀tì ń kọ́?" ni inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Mo máa ń tú u kí ojú sípánà lè hàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo máa ń dì í padà." Ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ìgbà mìíràn, mo máa ń gbàgbé."

Inspẹ́kítọ̀ kọ "ìgbà mìíràn" sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Òwú fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ sunkún, kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀rín tí àwọn oníbàárà yẹn rín, òun náà ti rín in sí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Wọ́n kéde lórí rédíò kí gbogbo ẹni tó bá gba ìwé aláwọ̀ ewé yẹn gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n bá tí nọ́ọ̀tì wọn ń yí lábẹ́ ìka. Awakọ̀ kan fi gbogbo ara dì mọ́ Bàbá Òwú, ó ní ọmọ márùn-ún lòun ń kó sínú ọkọ̀ yẹn láràárọ̀. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bo ojú, ó sunkún. Ara tù ú, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá aránṣọ wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo pè ọ́ ní apànìyàn níbí yìí," ó wí fún ọmọ náà, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè gbọ́. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Òwú, tó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ótọ́. Ọmọ yìí ní kí n fi òwú wọ̀n ọ́n, mo rán an lọ bá olè."

Obìnrin náà ò yíjú sí i kíákíá.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọmọ mi sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó má wọ ọkọ̀ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Ó ní, 'Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, ibi tí Bàbá Òwú ní ká lọ ni wọ́n ti tún un ṣe.' Mo bá jẹ́ kó lọ."