Kọ́lẹ́ẹ̀jì Etí Odò

Inú ẹrẹ̀ ni Mùnírátù ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọkùnrin gíga kan ni, ó de táì mọ́rùn, ó ká ṣòkòtò funfun dé orúnkún, ó gbé bàtà tó ń dán lọ́wọ́, ìwé ńláńlá wà lábíyá rẹ̀. Ó ń fo láti orí pákó kan bọ́ sórí òmíràn létí odò tó wà lẹ́yìn ọjà Creek Road. Ibi tó ti ń fò bẹ́ẹ̀ ni pákó kan yẹ̀, ìwé fọ́n ká, òun náà sì fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Mùnírátù ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé kò dùn yín?"

Ọmọkùnrin náà yíjú sí i kíá, inú rẹ̀ dùn pé ó gbọ́ Yorùbá. "Kò dùn mí rárá. Ojú ló ń tì mí."

Mùnírátù bá a ṣa ìwé, ó sì fún un ní aṣọ ìnujú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní Gbọ́lágadé ni òun ń jẹ́, pé bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, Abẹ́òkúta ni àwọn sì ti wá. Mùnírátù ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí òun sí.

"Níbo lẹ wá ń lọ tẹ́ ẹ fi de táì wá sínú ẹrẹ̀?"

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ti àwọn olùkọ́, lọ́nà Elelenwo."

Gbọ́lágadé wo síkẹ́ẹ̀tì búlúù àti búláòsì funfun tó wọ̀. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀... ibẹ̀ náà ni."

Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá, wọ́n wò ó títí ó fi lọ.

"Wọ́n fún wa ní ìsinmi lónìí, àbí?" Gbọ́lágadé béèrè, bí ẹni ń dọ́gbọ́n béèrè ọ̀nà.

"Ìsinmi ni," Mùnírátù sáré gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìsinmi kí ni wọ́n fẹ́ fún wọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti purọ́ fún ìyá yín rí, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ọdún 1970 ni, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ogun ló lé àwọn òbí Mùnírátù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì jẹ ọdún ìwé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé padà, àìmọye ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń du àyè kékeré tó wà. Làtífù, bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Diobu, ti wí fún un pé bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kó wá jókòó sí ìsọ̀, ìwé ti tán nìyẹn.

Ó lọ fún ìntáfíù. Ọkùnrin onídìgò kan, awò lójú, bi í pé kí ló dé tó fẹ́ di olùkọ́. Ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là. Wọ́n ní kó padà wá ní Septẹ́ńbà.

Ó sunkún délé, ó sì bá àkàrà. Asiata, ìyá rẹ̀, kì í dúró kí oore tó dé kó tó dúpẹ́. Ó ti dín àkàrà sàráà, ọmọ àdúgbò ti kún àgbàlá, ẹnu gbogbo wọn ń dán fún epo. "Ọlọ́run á jẹ́ kó kàwé yọrí!" "Àmín!" Sàráà tí wọ́n ti jẹ tán, ta ló fẹ́ ní kí wọ́n pọ̀ ọ́? Asiata bi í pé, "Wọ́n mú ọ, àbí?" Ọmọ gbọn orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń múra, tó ń gba owó ọkọ̀, tó ń lọ fi ara pamọ́ sétí odò bí olè.

Lọ́jọ́ kejì, Gbọ́lágadé tún wá. "Ìsinmi yẹn ò tíì parí?" "Kò tíì parí." Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní tíṣà ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù Gbọ́lágadé ń ba Mùnírátù, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ gidi lè tú àṣírí rẹ̀. Síbẹ̀, bí Gbọ́lágadé kò bá tètè dé, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Dagogo ló tú àṣírí wọn. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ọmọbìnrin rẹ̀ sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé àìsàn tíṣà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Which tíṣà? My pikin dey that school. Everyday na class! Na only una two get holiday?"

Ilẹ̀ ò lanu. Gbọ́lágadé bọ́ táì lọ́rùn. "Mùnírátù, wọn ò mú mi."

"Èmi náà."

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì dá wọn mólẹ̀, wọ́n rín in títí omijé fi dé. Nígbà tí omijé dé, Mùnírátù wá rí i pé ẹkún gidi ni. Gbọ́lágadé ní bí òun ṣe dé báǹkì lọ́jọ́ ìntáfíù, bàbá òun ò bi òun ní ìbéèrè, ó kàn bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún òun níwájú àwọn ará báǹkì, ó ní, "Mo mọ ọmọ mi."

"Bí mo bá wo aago yìí," ó ní, "kì í ṣe àkókò ni mò ń rí. Ojú bàbá mi ni."

Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì etí odò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dagogo fún wọn láyè lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Mùnírátù ń kọ́ Gbọ́lágadé ní ìṣirò. "Ìwọ tí bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì! Ta ló gé ìmọ̀ owó kúrò nínú ìdílé yín?" Gbọ́lágadé náà ń gun orí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, a máa fajú ro bí onídìgò, a sì máa bi í pé, "Miss, kí ló dé tó o fẹ́ di olùkọ́?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, Mùnírátù a máa kólòlò. Díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń là.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ àtíbàbà, ó dáhùn láìdúró. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ tí ogun gba ìwé lọ́wọ́ wọn, nítorí òun mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Ó rí i pé Gbọ́lágadé kò fetí sí i mọ́.

"Kí ni mo wí?"

"Mi ò mọ̀. Mùníra, mo fẹ́ràn rẹ."

Ara Mùnírátù gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìyẹn náà wà nínú ìdánwò?"

"Ó wà níbẹ̀. Dandan sì ni kí o dáhùn."

"Ó dáa. Mo fẹ́ràn rẹ, olódo mi." Òótọ́ sì ni, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dùn ún.

Ayọ̀ náà ò pẹ́ tó fi bọ́ sínú ewu. Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, bàbá Gbọ́lágadé, lọ ra aṣọ kóòtù ní ìsọ̀ Làtífù. Yorùbá méjì pàdé nílé àjò, ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà kẹ̀!" Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò pé ọkọ̀ Adétúnjí ni gbogbo àwọn máa bá lọ sí Ọjọ́ Òbí ní Sátidé. Asiata ti ń wéwèé ìrẹsì.

Mùnírátù sáré lọ bá Gbọ́lágadé láàárọ̀, èémí rẹ̀ ń gùn.

"Aṣọ funfun ni gbogbo wọn máa wọ̀," Gbọ́lágadé ní. "A máa dúró láàárín wọn. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbọ́lá, mi ò lè ṣe é mọ́. Mo máa sọ fún wọn nílé."

"Bí o bá sọ tìẹ, tèmi tú nìyẹn! Jọ̀ọ́, Mùníra. Sátidé yìí nìkan."

"Mi ò ní dárúkọ rẹ. Ìwọ náà, lọ sọ tìẹ."

"Ó rọrùn fún ọ," ó ní, ó sì yíjú sódò. Wọ́n pínyà bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ò kí ẹnìkan pé ó dàbọ̀.

Àárín aṣọ tí Asiata ń ká ni Mùnírátù kúnlẹ̀ sí. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Asiata jókòó lulẹ̀. "Èmi ni mo dín àkàrà kí n tó béèrè," ó ní, ó sì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ sunkún. Làtífù ò lù ú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ọ̀la, ìsọ̀." Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọmọ Adétúnjí wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tòótọ́.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, Bàbá," Mùnírátù dáhùn.

Gbọ́lágadé ò sọ. Lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn òbí Mùnírátù ò lọ mọ́, ó dúró láàárín àwọn aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ bọ olùkọ́ kan lọ́wọ́, ó ní, "Báwo ni ọmọ mi ṣe ń ṣe?" Olùkọ́ wo ọmọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní òun ò rí i rí. Níwájú gbogbo àwọn òbí ni Adétúnjí ti na ọwọ́ gba aago rẹ̀ padà, ó wọ ọkọ̀, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn wálé.

Mùnírátù jókòó sí ìsọ̀ títí, ó ń wọn aṣọ, ó ń wo ọ̀nà. Kò rí Gbọ́lágadé. Ó rò pé ó ti kórìíra òun. Asiata ń bẹ ọkọ rẹ̀: "Bàbá Mùníra, ẹ jẹ́ kó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i." Làtífù kàn ń húkọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnìkan dúró níwájú ìsọ̀. Kò de táì. Ó ti rù.

"Mo rò pé o ń bínú sí mi," Mùnírátù wí.

"Mo bínú, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń bínú sí." Gbọ́lágadé ń wo ilẹ̀. "Bàbá mi sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ fún mi, pé wọ́n bi ọ́, o sì ní kí wọ́n bi mí. O fún mi láyè láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mi ò lò ó. Dárí jì mí, àyànfẹ́ mi."

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìṣirò ńkọ́?"

"Ìṣirò ò tíì dárí jì mí."

Làtífù, tó wà lẹ́yìn aṣọ, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó húkọ́, ó ní kí àwọn méjèèjì máa kàwé níbi tí ojú òun ti tó wọn. Ó ní òun gbà, ẹ̀ẹ̀kan sí i, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́.

Septẹ́ńbà dé. Onídìgò tún béèrè ìbéèrè rẹ̀, Mùnírátù sì sọ̀rọ̀ títí ọkùnrin náà fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ wá. Ó jáde pẹ̀lú ìgbé ayọ̀ lẹ́nu, ó wá Gbọ́lágadé tí wọ́n jọ lọ, kò rí i. Ọmọkùnrin kan ní ó ti jáde tipẹ́, ojú rẹ̀ ò dáa.

Gbogbo ayọ̀ náà pòórá. Ó ti lọ. Ó tún ti lọ fara pamọ́! Ó wọ ọkọ̀ lọ sétí odò. "E never come today," Dagogo ní. Mùnírátù forí lé Diobu, kò mọ ohun tó máa sọ fún bàbá rẹ̀.

Ó dé ìsọ̀, ó dúró gbọnin. Gbọ́lágadé wà níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Làtífù.

"Wọn ò mú mi, sà," ó ń wí. "Mo ti kọ́kọ́ dé báǹkì, mo sọ fún bàbá mi. Ọmọ yín ni wọ́n mú. Mo wá bá yín yọ̀, mo sì wá sọ pé mo fẹ́ ẹ, sà."

Làtífù gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gbà, ilé tèmi ló ń bọ̀ wá wọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà fẹ́. Ọbẹ̀ wọn ò bàjẹ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá." Ó sọ ọ́ sókè débi pé onísọ̀ kejì yọjú.

"Kó parí ìwé ná. Kí bàbá rẹ wá rí mi," Làtífù sọ fún Gbọ́lágadé. "Dìde, o ń da iyẹ̀pẹ̀ sí mi láṣọ."

Lọ́jọ́ tí Mùnírátù wọlé, Gbọ́lágadé ló gbé ìbùsùn rẹ̀ lérí títí dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí àlejò dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó nu òógùn.

"Níbí ni màá ti máa dúró dè ọ́," ó ní.

"Má dúró dè mí níta," Mùnírátù dáhùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ènìyàn. "Lọ́dún tó ń bọ̀, kí o wọlé wá bá mi."